Bí Ọdẹ́gbèmí Ṣe Lọ sí Ìlú Àìgbàgbé Nítorí Mẹ́mọ́rì Tó Yára

Ẹ̀yin ará mi, ẹ sún mọ́ra kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́ kó wú u nísinsìnyí, nítorí ìtàn tí mo gbé lọ́wọ́ yìí kò mọ bí a ṣe ń dúró de ènìyàn. Ìtàn ọdẹ kan ni, tó gbé ìbọn wọ inú igbó lọ láti wá ohun tí ìbọn kò lè pa.

Orúkọ ọdẹ náà ni Ọdẹ́gbèmí, ọmọ Òkè-Ìsúnà. Ẹni àádọ́rin ọdún ó lé díẹ̀ ni. Nígbà tí eegun rẹ̀ ṣì le, bí ó bá ti gbé ìbọn kọ́ èjìká, ẹfọ̀n inú igbó a máa pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ, a sì máa pín ogún fún wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ o. Èmi kò bi ẹfọ̀n léèrè.

Ìyàwó rẹ̀ ni Rúùtù, tó fi ọdún mẹ́rìndínlógójì kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ìjọ fi kọ̀ǹpútà kan ta á lọ́rẹ, Rúùtù sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà jọ sínú rẹ̀. Ó kó orúkọ ewé àti orúkọ ẹ̀fúùfù, ó kó orúkọ irinṣẹ́ tí àwọn ọmọ ìwòyí kò rí rí, ó kó ọ̀rọ̀ tí àwọn obìnrin àtijọ́ fi ń tu ara wọn nínú. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe é. Ó parí lẹ́tà Y ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú òjò. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, àga rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ṣófo.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ilé ìtẹ̀wé ìjọ ránṣẹ́ sí Ọdẹ́gbèmí pé kí ó mú ìwé ọ̀rọ̀ tí Rúùtù kó jọ náà wá kí Ìkórè tó dé. Bí Ìkórè bá kọjá, wọn yóò ti kó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà lọ sí ìlú mìíràn, ìwé ìyàwó rẹ̀ kò sì ní rí ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló kù. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin náà bá tan kọ̀ǹpútà ní òwúrọ̀, ẹ̀rọ náà a máa kùn bí oyin inú akèrègbè, a máa dún kẹ̀, kẹ̀, títí di ọ̀sán kó tó la ojú. Bí a bá sì pe ìwé náà, yóò ṣí A, yóò ṣí B, yóò fi agbára káká dé D, a sì kú pátápátá. Kò kọjá D rí. Ọdẹ́gbèmí a máa wo ojú ẹ̀rọ tó ṣókùnkùn, ọkàn rẹ̀ a sì máa wí fún un pé, “Wọ́n tún fẹ́ sin Rúùtù lẹ́ẹ̀kejì.”

Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Fèyíṣará, obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́bàá ilé ìfìwéránṣẹ́. Lábòdé ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọdẹ bíi tirẹ̀, tẹ̀ lé e.

Fèyíṣará kúnlẹ̀ kí wọn, ó gbé etí lé ẹ̀rọ náà, ó ní, “Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi di ọ̀la. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ibi tó ti ń dúró.”

“Ibi tó ti ń dúró kẹ̀, ọmọ mi? Gbogbo ara rẹ̀ ló dúró!”

Lábòdé ní, “Mẹ́mọ́rì ni. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò. Mẹ́mọ́rì ló ń bá kọ̀ǹpútà rántí nǹkan. Bí ẹ bá fi èyí tó yára sí i, yóò máa sáré bí ẹtu.”

“Bàbá Lábòdé, mẹ́mọ́rì lè yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n—”

“Ṣùgbọ́n kí ni? Ṣé rédíò ń purọ́ ni?”

Fèyíṣará wo ilẹ̀. Ọmọ tí a kọ́ nílé kì í já àgbà méjì nírọ́ lójú ara wọn. Lábòdé wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní mẹ́mọ́rì tó yára jù láyé ń bẹ ní Ìlú Àìgbàgbé, ṣùgbọ́n Igbó Ìgbàgbé ló yí ìlú náà ká, àwọn tó wọ ibẹ̀ kì í sì í rántí ọ̀nà ilé.

Ọdẹ́gbèmí ní, “Igbó wo? Èmi tí mo fa erin ní etí!” Ó kọ́ ìbọn, ó di ẹ̀bà sápò, ó lọ.

Bí ó ti gbé ẹsẹ̀ sínú Igbó Ìgbàgbé, igi àkọ́kọ́ na ẹ̀ka kan, ó fi fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, orúkọ ìbọn rẹ̀ sì bọ́ lọ́kàn rẹ̀. Igi kejì gba orúkọ bàbá rẹ̀. Igi kẹta gba ọ̀nà tí ó gbà wọlé. Iwin kéékèèké wà lórí igi wọ̀nyí, wọ́n ń ju ohun tí wọ́n gbà síra wọn bí ọmọdé ṣe ń ju ọsàn, wọ́n ń kígbe pé, “Orúkọ bàbá ta ni mo mú yìí? Ó wúwo díẹ̀!” Ẹ̀rù ba ọdẹ wa. Ó wá di orúkọ kan ṣoṣo mú, ó ń pè é ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó bá gbé. Rúùtù, ẹsẹ̀ ọ̀tún. Rúùtù, ẹsẹ̀ òsì. Ohun tí ènìyàn ń pè lọ́wọ́, igi kò rí ibi tí yóò ti fà á yọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe la igbó náà já, àwọn iwin sì fi ìbínú ju ohun tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀ padà lé e lórí.

Ní ẹnubodè ìlú ni iwin kan jókòó, Elétí-Ogójì ni wọ́n ń pè é. Etí ogójì ló wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ.

Ó ní, “Ọdẹ, dáhùn kí o wọlé. Kí ló sáré láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tí kò kúrò níbi tó wà?”

“Ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn. Ṣé èyí tó le jù lọ́wọ́ rẹ nìyẹn?”

Elétí-Ogójì ní, “O mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Wọlé, kí o lọ mọ̀ ọ́n níkùn.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, Ìlú Àìgbàgbé kò dára fún ẹni tó fẹ́ràn àlàáfíà. Kò sí ẹni tó lè gbàgbé ohunkóhun níbẹ̀. Obìnrin méjì ń jà lójú títì nítorí asẹ́ tí ọ̀kan yá lọ́wọ́ èkejì ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn. Ọkùnrin kan ń ka gbogbo oúnjẹ tí ó ti jẹ láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọdún mẹ́rin ni. Orí ọba wọn ti kún débi pé wọ́n fi igi méjì tó pẹ̀ka lórí tì í ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, bí a ṣe ń ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó so jù.

Ọdẹ́gbèmí dọ̀bálẹ̀. “Kábíyèsí, mẹ́mọ́rì tó yára jù ni mo wá gbà.”

Ọba ní, “Ṣé ìyẹn ló ń dun ilé rẹ?”

“Òun ni, Kábíyèsí. Rédíò sọ ọ́.”

“Èmi kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Rédíò. Bí o bá lè mú Yára-bí-Àṣá, mú un máa lọ.”

Wọ́n tú Yára-bí-Àṣá sílẹ̀ ní gbàgede. Pátákó fẹ́lẹ́ kan ni, kò gùn ju ìka àárín lọ, àwọ̀ ewé ló ní, eyín wúrà tò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbọọrọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tín-ín-rín bí ti ìrẹ̀. Ọdẹ́gbèmí lé e yí gbàgede ká, ó fò ṣánlẹ̀, ó gba erùpẹ̀ sẹ́nu. Àwọn ọmọ ìlú ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ti ń fi ẹ̀rín náà pamọ́ sórí láti máa rẹ́rìn-ín títí ayé. Nígbà tí agara dá ọdẹ, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò rí ẹnikẹ́ni. “Ní ọjọ́ tí erin kọjú sí mi lódò Àgọ́rọ̀, ìbọn kò dún. Mo wẹ̀yìn, odò. Mo wo iwájú, erin. Mo wá ki ọwọ́ bọ àpò mi, mo sì fa…” Ó dákẹ́. Ó ń nu imú. Yára-bí-Àṣá dúró. Mẹ́mọ́rì kì í lè fi ìtàn sílẹ̀ lágbede méjì, ara a máa yún un. Ó rìn díẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó ní, “O fa kí ni?” Ọdẹ́gbèmí nawọ́, ó gbá a mú. “Etí,” ó ní, “etí rẹ̀ ni mo fà.”

Inú rẹ̀ dùn délé. Igbó tó ń gba ọ̀rọ̀ lórí ẹni tó ń wọlé kò dí ẹni tó di mẹ́mọ́rì mú lọ́wọ́ lọ́nà. Fèyíṣará ṣí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ó rí i pé àyè kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́mọ́rì àtijọ́, ó fi Yára-bí-Àṣá sí ibẹ̀. Wọ́n tàn án ní òwúrọ̀. Oòrùn gòkè. Oyin ń kùn nínú akèrègbè. Ní ọ̀sán, ìwé ṣí A, ó ṣí B, ó ṣí D, ó fọwọ́ kan E, ó sì kú.

“Ó dé E!” Lábòdé pàtẹ́wọ́. “Ìlọsíwájú rèé!”

Ọdẹ́gbèmí bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, ó jágbe. “Yára-bí-Àṣá! Ṣé eré tí o sá fún mi ní gbàgede nìyí?”

Ohùn kékeré kan dáhùn láti inú ẹ̀rọ. “Bàbá, ẹ má bínú. Àgbà kan ni ẹ fi mí tì. Mo kí i, ó ń dá mi lóhùn lọ́wọ́. Ṣé ẹ fẹ́ kí n kọjá lára àgbà ni?”

Ní Òkè-Ìsúnà, bí ọdẹ bá ń tò lọ sínú igbó, ẹni tó dàgbà jù ló ń ṣíwájú, kò sì sí ọ̀dọ́ tó gbọ́dọ̀ yà á sílẹ̀, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wù kó yá tó. Ọdẹ́gbèmí fúnra rẹ̀ ti gbá ọmọ ọdẹ létí rí nítorí ẹ. Báwo ni yóò ṣe bá èyí wí?

Fèyíṣará ní, “Bàbá, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n máa ń ṣe. Bí a bá fi èyí tó yára ti èyí tó ń fà, ìrìn èyí tó ń fà ni àwọn méjèèjì máa ń rìn.” Ó yọ àgbà náà, mẹ́mọ́rì àtijọ́, jáde pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó fi aṣọ wé e, ó tún tan ẹ̀rọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tó fi yá ju ti àtẹ̀yìnwá kò ju ìgbà tí ènìyàn fi jẹ awẹ́ obì kan tán. Ìwé kú ní E.

Yára-bí-Àṣá ní, “Bàbá, mo sáré o. Ẹ ò rí bí mo ṣe ń mí. Ṣùgbọ́n ẹ kò bi mí léèrè ẹni tí mo ń dúró dè.”

“Ta ni?”

“A kì í fi ẹnu àlejò ka àbùkù onílé. Ẹ padà lọ bi ọba wa.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù sí Ìkórè. Ọdẹ́gbèmí tún gbé ìbọn, ṣùgbọ́n kò fọ́nnu kí ó tó lọ. Àwọn iwin igbó ti gbọ́n. Wọ́n dúró dè é ní bèbè ọ̀nà, wọ́n sì kọ́kọ́ bo ẹnu rẹ̀ kó má baà lè pe orúkọ. Igi kẹrin ló fa orúkọ náà yọ. Ọdẹ dúró láàárín igbó, kò mọ orúkọ obìnrin tí ó bá gbé ní ọdún mẹ́rìnlélógójì. Omi ojú gba ojú rẹ̀. Ó ń wá nínú ọkàn rẹ̀ bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú eérú. Ohun tó rí kì í ṣe orúkọ. Bí obìnrin náà ṣe máa ń ha ọ̀fun rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó ka Bíbélì ní àárọ̀ ló rí. Ó ha ọ̀fun tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Orúkọ náà fò bọ́ lọ́wọ́ iwin tó mú un, ó sì padà wọlé. Rúùtù. Àwọn iwin kò dí i lọ́nà mọ́.

Elétí-Ogójì rí i tí ó ń bọ̀. “Ọdẹ, ta ni ó ń dá ilé dúró: ẹni tó ń rìn ni, tàbí ẹni tí a ń dúró dè?”

Ọdẹ́gbèmí ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, n kò mọ̀.”

“Wọlé,” ni iwin náà wí. “Ìdáhùn tó dára nìyẹn.”

Ọba kò fi í rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ohun kan ṣoṣo ni n ó tún fún ọ. Ṣùgbọ́n kí o tó béèrè, lọ jókòó sí àárín ìlú láti ìgbà tí àkùkọ bá kọ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Máa wò. Má sọ̀rọ̀.”

Ẹ rí i, ẹ̀yin ará, Ọdẹ́gbèmí ti bá ẹfọ̀n jìjàkadì, ó ti sùn nínú ihò ikún, ṣùgbọ́n kò tíì fi gbogbo ọjọ́ dákẹ́ rí láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i. Ahọ́n rẹ̀ ń hó lẹ́nu bí omi ẹ̀kọ. Ó dì í mú. Nígbà tí ó sì dákẹ́, ojú rẹ̀ là.

Ó rí i pé alásè ìlú náà wà ní ìdí ààrò, ọwọ́ rẹ̀ yá. Ó rí àwọn asáré, ìbátan Yára-bí-Àṣá, tí wọ́n ń gbé iṣu láti inú àká wá fún alásè. Bí ojú bá ṣẹ́, wọ́n ti dé ẹnu àká. Wọ́n sì ń dúró níbẹ̀. Ogójì wọn tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ń yán, wọ́n ń dirun fún ara wọn, ọ̀kan ti hun ẹní kan tán. Ẹni tí wọ́n ń dúró dè ni olùṣọ́ àká, arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ìgbín. Orí ọlọ ńlá kan tó ń yí po ló kó iṣu ìlú sí. Bí wọ́n bá béèrè iṣu kan, Bàbá Ìgbín a dúró títí ọlọ yóò fi yí iṣu náà dé iwájú rẹ̀, a na apá gígùn kan, a mú un. Bí iṣu bá ti kọjá kó tó nawọ́, a tún dúró de ìyípo mìíràn. Ọlọ náà ń dún: kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀.

Ara Ọdẹ́gbèmí tutù. Ohùn tó ń gbọ́ nínú kọ̀ǹpútà Rúùtù láràárọ̀ nìyẹn! Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu kó má baà kígbe. Nígbà tí oòrùn wọ̀, ó sáré lọ bá ọba. “Kábíyèsí, àká ni! Kì í ṣe asáré! Mo mú asáré tó yára jù láyé lọ, mo fi í sílẹ̀ kó máa dúró lẹ́nu àká!”

Ọba rẹ́rìn-ín títí igi tó ti orí rẹ̀ fi mì. Ó fún un ní olùṣọ́ àká tuntun, Ìyá Nítòsí, tó ń gbé inú àpótí pẹlẹbẹ kan tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Kò sí ohun tó ń yí nínú àpótí náà. Ibikíbi tí o bá kó ẹrù sí níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti tó o. Ọba wá kìlọ̀ pé, “Ṣùgbọ́n arúgbó tó ń ṣọ́ àká nínú ẹ̀rọ ilé rẹ ni yóò kó ẹrù fún un, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Bí ó bá kú lágbede méjì, ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ bá a lọ.”

Ó ku ọjọ́ mẹ́fà sí Ìkórè nígbà tí Fèyíṣará so àpótí náà mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó ní, “Bàbá, ẹ mú ọkàn le.” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀. A kọjá. B kọjá. Lẹ́yìn agogo mẹ́wàá, E kọjá, Ọdẹ́gbèmí sì di ẹsẹ̀ tábìlì mú. Ní ọ̀sán, wọ́n wà ní K. Nígbà tí wọ́n dé S, ohùn náà dákẹ́.

Lábòdé yọ fìlà.

Ọdẹ́gbèmí kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀rọ náà, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. “Bàbá àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún mọ́kànlá lẹ fi ṣọ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó mi. Mo ti bínú sí yín, mo tọrọ àforíjì. Ẹ kò mọ̀ọ́mọ̀ lọ́ra, ọjọ́ orí yín ni. Ó ku díẹ̀ péré.”

Fèyíṣará fi ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. “Ó gbóná ni! Ẹ bá mi wá abẹ̀bẹ̀!” Lábòdé fi fìlà fẹ́ ẹ. Wọ́n fẹ́ ẹ fẹ́ ẹ títí ọwọ́ fi ń ro wọ́n, àdúrà sì ń bọ́ lẹ́nu ọkùnrin méjèèjì láìtò.

Kẹ̀.

Kẹ̀, kẹ̀.

S kọjá. Ṣ kọjá, T, U, W. Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí Y sọ̀ kalẹ̀ sínú àpótí tuntun. Arúgbó náà dún lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò sì tún dún mọ́. Ọdẹ́gbèmí gbórí lé tábìlì, èjìká rẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀ bí ti ẹni tó sọ ẹrù.

Fèyíṣará ní, “Bàbá, mẹ́mọ́rì tó yára kò ṣàìwúlò o. Bí iyọ̀ ló rí. Bí ọbẹ̀ bá ti jinná, díẹ̀ nínú rẹ̀ á gbé e yọ. Ṣùgbọ́n kò sí iyọ̀ tó lè bá wa dáná.”

“O fẹ́ sọ èyí fún mi ní ọjọ́ àkọ́kọ́.”

“Mo fẹ́ sọ ọ́, sà.”

“A kò jẹ́ kí o sọ ọ́. Dárí jì wá, ọmọ mi.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ọdẹ́gbèmí gbé àpótí ìjókòó wá, ó gbé obì àti omi mímu, ó gbé ìwé orin dání, gẹ́gẹ́ bí ìṣe ẹni tó fẹ́ dúró di ọ̀sán. Ó tan ẹ̀rọ náà. Ìdí rẹ̀ kò tíì kan àpótí tí ìwé fi ṣí kalẹ̀ níwájú rẹ̀ láti A dé Y.

“Dúró ná!” ó kígbe sí i. “Dúró, jẹ́ kí n wọ awò mi!”

Ó wọ̀ ọ́ tán. Kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, ó wá lọ sí Ọ. Ó rí i níbẹ̀, bí Rúùtù ṣe tẹ̀ ẹ́: *ọdẹ: ọkùnrin tó ń pa ẹran kan nínú igbó, tó sì ń pa mẹ́ta nílé.*

Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ẹ̀rín tí kò jáde láti ọjọ́ tí wọ́n ti bo erùpẹ̀ mọ́ Rúùtù. Ó rín in títí Fèyíṣará fi sáré dé.

“Bàbá, kí ló dé? Ṣé nǹkan sọnù ni?”

“Kò sí ohun tó sọnù. Gbogbo ẹ̀ ló wà níbí. Òní ni n ó gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé, Ìkórè kò tíì dé.” Ó pe Lábòdé, ó kà á fún un.

Lábòdé ronú sí i. “Mẹ́ta péré?” ó ní. “Àánú rẹ ṣe é ni. Márùn-ún la máa ń gbọ́.”

Ẹ̀yin ará mi, ìtàn mi ti dé bèbè, mo sì ti so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí Olúwa jẹ́ kí ohun tí olólùfẹ́ wa fi sílẹ̀ wà ní ibi tí ọwọ́ wa ti lè tó o.